Ẹ̀dà Tuntun Kò Gbọdọ̀ Lé Ọmọ Kankan Kúrò Nídìí Bọ́ọ̀dù

Láti ọwọ́ ọmọ ẹgbẹ́ akọ̀ròyìn kan, SS2

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń dúró síwájú ògiri yìí nígbà tí aago ìsinmi bá lù, tẹ́ ẹ̀ ń jẹ gúgúrú tẹ́ ẹ sì ń kàwé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ díẹ̀ lónìí. Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá kò ju lẹ́tà méjì lọ, àmọ́ ó ti fẹ́ tú ẹgbẹ́ Scrabble wa ká. Ọ̀rọ̀ náà ni OK.

Ta ni nínú wa tí kì í sọ OK? Tí wọ́n bá rán wa níṣẹ́, OK. Tí ọ̀rẹ́ wa bá ní ká dúró de òun lẹ́nu géètì, OK. Mo lè fọwọ́ sọ̀yà pé láti JSS1 dé SS3, kò sẹ́ni tí kò tíì sọ ọ́ láàárọ̀ yìí. Ṣùgbọ́n nínú Scrabble, tẹ́lẹ̀, OK kì í ṣe ọ̀rọ̀. Ọdún 2019 ni wọ́n tó kọ ọ́ sínú ìwé pé ó ti di ọ̀rọ̀. Àwa ò mọ̀. Àìmọ̀ yẹn ló sì dójú tì wá ní tẹ́ẹ̀mù tó kọjá.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀. A lọ sí ìdíje kan ní agbègbè Ìwó. Mi ò ní dárúkọ ilé-ẹ̀kọ́ tó gbà wá lálejò tàbí àwọn tó ṣètò rẹ̀, nítorí kì í ṣe ẹjọ́ wọn ni mo wá rò. Ìwé tí ẹgbẹ́ wa ń lò láti fi kọ́ ọ̀rọ̀ ni Collins Scrabble Words, ẹ̀dà ọdún 2011. Ẹnì kan tó ti jáde níbí ló fi ta wá lọ́rẹ. Ẹ̀yìn rẹ̀ ti já, a ti fi sẹ́lótéèpù dì í lẹ́ẹ̀mẹta, ṣùgbọ́n àwa fẹ́ràn rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Nínú ìwé yẹn, ọ̀rọ̀ lẹ́tà méjì jẹ́ 120. A mọ gbogbo wọn lórí. Tẹ́ ẹ bá jí wa lóru, a máa ka a fún yín bí ẹni ń ka táímùsì.

Nígbà tí eré fẹ́ẹ̀ dé ìdajì, ọmọ tó ń bá èmi àti ìkejì mi ta gbé O àti K kalẹ̀. OK. Àwa méjèèjì rẹ́rìn-ín. A rò pé ọmọ yẹn ò mọ nǹkan tó ń ṣe ni. Ìkejì mi na ọwọ́ sókè, ó ní, "Chálẹ́ńjì!" Adájọ́ tẹ ọ̀rọ̀ náà sórí fóònù, ó sì ní ọ̀rọ̀ ni. Mo gbé ìwé wa fún un, mo ní, "Ẹ wò ó sà, kò sí níbí." Ó ṣí ojú ewé àkọ́kọ́, ó wo ọdún tó wà níbẹ̀, ó dá ìwé padà fún mi. Ó ní, "Ẹ̀dà yín ti di àná." Wọ́n fi máàkì 5 kún ti ọmọ yẹn.

Máàkì 5 kọ́ ló pa wá o. Ìbẹ̀rù ló pa wá. Láti ìgbà yẹn, a ò ní ìgboyà láti chálẹ́ńjì mọ́. Ó gbé ZE kalẹ̀, a dákẹ́, ó sì jẹ́ òótọ́. Lẹ́yìn náà ó gbé ọ̀rọ̀ lẹ́tà márùn-ún kan kalẹ̀ tí kò sí nínú ìwé kankan láyé. Ara mi sọ fún mi pé irọ́ ni. Ìkejì mi wo ojú mi, mo wo ojú rẹ̀, a jẹ́ kó lọ. Máàkì 34 ló fi gbà. Máàkì 21 péré ni wọ́n fi nà wá nígbẹ̀yìn. Ẹ ṣe ìṣirò rẹ̀ fúnra yín.

Nígbà tí a padà sí Ilé-Ogbó, tíṣà tó ń bójú tó ẹgbẹ́ wa kò bínú. Wọ́n ní ó ti yé àwọn, pé ìwé tuntun la nílò. Iye tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ bá jẹ́ ₦28,000. Àwa ọmọ ẹgbẹ́ jẹ́ 14. Wọ́n ní kí kálukú mú ₦2,000 wá. Ẹ̀mí rere ni wọ́n fi sọ ọ́, mo sì mọ̀ pé wọ́n fẹ́ kí a yege. Ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, àwa 14 ti di 9.

Ọ̀kan nínú àwọn tí kò wá mọ́ ni àbúrò wa kan ní JSS2. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ Scrabble, ẹ gbọ́ mi: ọmọ yẹn gbọ́n jù wá lọ. Tó bá wo lẹ́tà méje, á ti rí ọ̀rọ̀ kí àwa tó to tiwa tán. Ìyá rẹ̀ ń yan gàrí, àwọn ọmọ mẹ́rin ló sì ń bọ́ níbẹ̀. Mo bi í léèrè pé kí ló dé. Ó ní, "Sẹ́níọ̀, mi ò fẹ́ràn Scrabble mọ́ ni." Mo mọ̀ pé irọ́ ni, torí mo rí ẹ̀yìn ìwé ìṣirò rẹ̀. Ọ̀rọ̀ lẹ́tà méjì ló kọ kún ibẹ̀ látòkè délẹ̀.

Ìdí nìyẹn tí mo fi kọ ìwé yìí. Èrò mi kò lọ́jú pọ̀: òfin eré jẹ́ ti gbogbo ẹni tó ń ta eré náà. Ẹni tó bá fẹ́ ra ìwé tuntun, kó rà á. Àmọ́ kò yẹ kí ẹ̀dà tuntun di owó orí tí ọmọ kankan gbọ́dọ̀ san kó tó lè jókòó sídìí bọ́ọ̀dù.

Ẹ̀yin tẹ́ ò mọ Scrabble lè máa bi ara yín pé, ṣé ìwé ṣe pàtàkì tó bẹ́ẹ̀ ni? Ó ṣe pàtàkì o. Ọkùnrin ará Amẹ́ríkà kan tó ń jẹ́ Alfred Butts, ayàwòrán ilé tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tí ọrọ̀ ajé dẹnu kọlẹ̀, ló ṣẹ̀dá eré yìí ní nǹkan bí ọdún 1930 sí 1938. Ọdún 1948 ló gba orúkọ Scrabble. Lẹ́tà 100 ló wà nínú àpò, méje-méje lẹ ó máa mú. Bọ́ọ̀dù kò yí padà láti ìgbà yẹn, lẹ́tà kò yí padà. Q àti Z ṣì jẹ́ máàkì 10. Ohun kan ṣoṣo tó ń yí padà ni àkójọ àwọn ọ̀rọ̀ tí wọ́n fàyè gbà. Àkójọ yẹn ni òfin gan-an.

Kẹ́ ẹ lè mọ̀ pé àkójọ ni òfin, ẹ wo Nigel Richards, ọmọ ilẹ̀ New Zealand. Ní ọdún 2015, ó gba ife-ẹ̀yẹ àgbáyé Scrabble ní èdè Faransé. Kò gbọ́ Faransé! Ìwé àwọn ọ̀rọ̀ Faransé ló kọ́ sórí fún bí ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án. Ní 2024, ó tún ṣe bẹ́ẹ̀ ní èdè Spéènì. Kò nílò kó mọ ìtumọ̀. Kó mọ ohun tó wà nínú ìwé ti tó. Ẹ wá yí i padà: bí ẹni tí kò gbọ́ èdè bá lè borí torí pé ó ní ìwé, ẹni tó gbọ́ èdè lè fìdí rẹmi torí pé kò ní i. Àwa ń sọ OK lójoojúmọ́, OK ló sì gba eré lọ́wọ́ wa.

Kì í sì í ṣe pé Scrabble jẹ́ eré àwọn òyìnbó tí kò kàn wá. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2015, ní ìlú Perth ní ilẹ̀ Ọsirélíà, ọmọ Nàìjíríà kan, Wellington Jighere, na Lewis MacKay ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní eré mẹ́rin sí òdo, ó sì di ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tó gba ife-ẹ̀yẹ àgbáyé Scrabble ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. FELTY ni ọ̀rọ̀ tí gbogbo ayé ń sọ nípa rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, máàkì 36 ló fi gbà. Ààrẹ Buhari pè é lórí fóònù láti kí i. Ohun tí àwọn oníròyìn kọ nígbà náà ni pé àwọn ọmọ Nàìjíríà a máa lo ọ̀rọ̀ kúkúrú, ọ̀rọ̀ lẹ́tà mẹ́rin tàbí márùn-ún, dípò kí wọ́n máa wá ọ̀rọ̀ gbọọrọ kiri, kí wọ́n lè fún bọ́ọ̀dù pa mọ́ ẹni tí wọ́n ń bá ta lọ́wọ́. Ọ̀rọ̀ kúkúrú ni agbára wa. Ẹ sì wá wo ibi tí ẹ̀dà tuntun ti máa ń ta wá jù: àárín àwọn ọ̀rọ̀ kúkúrú náà ni.

Ó dáa, kí ni ẹ̀dà tuntun máa ń mú wá? Mo jókòó ti ọ̀rọ̀ náà, mo ṣe ìṣirò rẹ̀. Ẹ̀dà tiwa jẹ́ ti 2011. Ẹ̀dà mìíràn jáde ní 2014, ọ̀rọ̀ tuntun bíi 6,500 ló wọ inú rẹ̀. Òmíràn tún jáde ní 2019, ọ̀rọ̀ tuntun bíi 2,800 ló wọlé nígbà yẹn. Ọdún mẹ́ta, ọdún márùn-ún. Ọdún mẹ́fà làwa ń lò ní sẹ́kọ́ńdìrì, ó túmọ̀ sí pé ọmọ kan lè bá ẹ̀dà méjì pàdé kó tó kọ WAEC.

Àmọ́ ẹ gbọ́ ìyókù. Gbogbo ọ̀rọ̀ inú ìwé náà lé ní 270,000. Nígbà tí 2,800 bá wọlé, nínú ọgọ́rùn-ún ọ̀rọ̀, bí ẹyọ kan péré ló jẹ́ tuntun. Púpọ̀ jù lọ nínú àwọn yòókù, a ti ní wọn nínú ìwé tí a fi sẹ́lótéèpù dì. Tí ó bá wá jẹ́ ọ̀rọ̀ lẹ́tà méjì, tó jẹ́ ìpìlẹ̀ eré, mẹ́rin ló wọlé ní 2014: DA, GU, PO àti TE. Mẹ́ta ló wọlé ní 2019: EW, OK àti ZE. Mẹ́rin àti mẹ́ta jẹ́ méje. 120 tí a mọ̀ di 127. Méje yìí ni mo kọ sókè yìí, ẹ̀yin tẹ́ ẹ kà á ti mọ̀ ọ́n báyìí, ẹ ò sì san kọ́bọ̀. (KOBO náà wà nínú ìwé o. NAIRA wà níbẹ̀, OBA náà wà níbẹ̀. Bẹ́ ẹ bá rí àyè, ẹ gbé e kalẹ̀.) Ẹ sì má ṣe gbàgbé PO. Póò tí ìyá àgbà ń tọ́jú sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì ni.

Mo mọ̀ pé àwọn kan máa sọ pé, "Ìwọ ọmọ yìí, ṣé o fẹ́ kí àwọn tó kọ ìwé máa ṣiṣẹ́ lófo ni?" Rárá o. Iṣẹ́ ńlá ni láti kó ọ̀rọ̀ jọ. Ẹni tó ṣiṣẹ́ yẹ kó jẹ èrè iṣẹ́ rẹ̀. Nítorí náà, mi ò fara mọ́ ìmọ̀ràn ẹnì kan nínú ẹgbẹ́ wa tó ní kí a lọ ya gbogbo ìwé náà ní fọ́tókọ́pì látìbẹ̀rẹ̀ dópin. Olè ni ìyẹn, kò sì ní orúkọ mìíràn. Lọ́nà kejì, ẹ̀dà tuntun ní àǹfààní tirẹ̀. Èdè ń dàgbà. Kì í sì í ṣe pé wọ́n ń fi kún un nìkan, wọ́n ń yọ kúrò pẹ̀lú. Ní 2021, ilé-iṣẹ́ Mattel, tó ni Scrabble ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀ tó wà lẹ́yìn Amẹ́ríkà, ní kí wọ́n yọ ọ̀rọ̀ èébú bíi 400 kúrò, pàápàá àwọn èyí tí wọ́n fi ń bú àwọn aláwọ̀ dúdú àti ẹ̀yà mìíràn. Àwọn ọ̀rọ̀ yẹn ṣì wà nínú ẹ̀dà tiwa. Ọmọ tó bá kọ́ wọn láti inú ìwé ògbólógbòó lè gbé èébú kalẹ̀ níwájú adájọ́ láìmọ̀. Nítorí náà, mi ò sọ pé kí a máa lo ìwé àná títí ayé.

Ohun tí mo ń sọ ni pé ìwé yàtọ̀ sí òfin. Ìwé ni bébà, ẹ̀yìn líle, yíǹkì, àti owó ọkọ̀ láti òkè òkun. Òfin ni ohun tó wà nínú rẹ̀. Ó ṣeé ṣe kí ẹnì kan ta ìwé, kí òfin sì wà lọ́fẹ̀ẹ́ fún ẹni tí kò lówó. Kì í ṣe àlá. Wọ́n ti ń ṣe é níbòmíràn.

Ẹ wo bọ́ọ̀lù. Àjọ kan wà tó ń jẹ́ IFAB, láti ọdún 1886 ló ti wà. Òun ló ń ṣe òfin bọ́ọ̀lù fún gbogbo àgbáyé, fẹ́rẹ̀ẹ́ lọ́dọọdún ló sì ń tún nǹkan kan ṣe níbẹ̀. Ǹjẹ́ ẹ ti gbọ́ rí pé wọ́n lé ọmọ kan kúrò ní pápá torí kò ra ìwé òfin tuntun? Gbogbo òfin náà wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ọ̀fẹ́ ni. Ohun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yí padà ní ojú ewé tirẹ̀. Tíṣà eré ìdárayá lè kà á, kó sì sọ fún wa lórí pápá.

Ẹ wo ayò ọlọ́pọ́n tó jẹ́ tiwa. Ihò 12, ọmọ ayò 48, mẹ́rin-mẹ́rin nínú ihò kọ̀ọ̀kan. Kò sí ẹni tó ta òfin ayò fún bàbá àgbà wa. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ ọ́n, á lọ jókòó ti àwọn tó ń ta, wọ́n á sì kọ́ ọ. Tí àlejò bá dé láti ìlú mìíràn, tí wọ́n ń ta á lọ́nà tó yàtọ̀, ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n máa ń bi í ni, "Báwo lẹ ṣe ń ta á lọ́dọ̀ yín?" Wọ́n á fẹnu kò kí ọwọ́ tó kan ọmọ ayò. Ẹ rántí ìbéèrè yìí, mo máa padà sí i.

Kódà ní òkè òkun, àwọn ọ̀dọ́ ń jà lórí ọ̀rọ̀ yìí kan náà. Eré kan wà tí wọ́n ń pè ní Dungeons & Dragons, ọdún 1974 ló kọ́kọ́ jáde ní Amẹ́ríkà. Àwọn ọ̀rẹ́ á jókòó yí tábìlì ká, ẹnì kan á máa darí ìtàn, àwọn yòókù á máa ṣe ẹ̀dá inú ìtàn náà, ọmọ dáìsì tí wọ́n bá jù ló máa sọ bóyá idà bá ọ̀tá tàbí kò bá a. Ó jọ àlọ́ tí gbogbo ará ilé jọ ń pa. Ìwé òfin rẹ̀ nípọn, mẹ́ta sì ni wọ́n. Ẹ̀dà kan jáde ní 2014, wọ́n tún un ṣe láti 2024, ìwé kọ̀ọ̀kan sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 50 dọ́là. Mẹ́ta jẹ́ 150 dọ́là. Tí a bá ní dọ́là kan jẹ́ ₦1,500, ₦225,000 nìyẹn, fún òfin eré! Àwọn tó ń ta eré náà ti pariwo lórí oríṣiríṣi ọ̀rọ̀ òfin rẹ̀, ní oṣù kìíní ọdún 2023, ilé-iṣẹ́ tó ni ín, Wizards of the Coast, gbé ìpìlẹ̀ òfin náà síta lábẹ́ ìwé àṣẹ tó jẹ́ kí ẹnikẹ́ni lè kà á, kó sì lò ó lọ́fẹ̀ẹ́. Ìwé aláwòrán ṣì wà lórí àtẹ fún ẹni tó lówó. Ilé-iṣẹ́ náà kò kógbá sílé.

Tiwa tún wá le ju tiwọn lọ, nítorí naira. Kí ó tó di oṣù kẹfà ọdún 2023, dọ́là kan jẹ́ bíi ₦460 ní báńkì. Nínú ọdún 2024, ó kọjá ₦1,500. Ìwé tí iye rẹ̀ kò yí padà lọ́dọ̀ àwọn tó tẹ̀ ẹ́ ti di ìlọ́po mẹ́ta lọ́dọ̀ tiwa. Ẹni tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù lè pe ẹ̀dà tuntun ní owó ìpápánu. Ní Ilé-Ogbó níbí, ẹ bi àwọn ìyá wa bí wọ́n ṣe ń ta gàrí kí wọ́n tó rí ₦2,000 tí yóò jẹ́ èrè.

Àwa ọmọ SS náà mọ ìrora yìí dáadáa. Ẹni tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ka The Life Changer fún JAMB tó sì tọ́jú ìwé náà fún un, nígbà tí ó kàn án ní 2025, ó gbọ́ pé The Lekki Headmaster ni wọ́n ń kà báyìí. Ìwé ẹ̀gbọ́n di ìwé ìtọ́jú. Àmọ́ ìdánwò ni JAMB, a ò lè sá fún un. Eré ni Scrabble. Ohun tí a fi ń sinmi ọpọlọ kò yẹ kó tún di ìnáwó tó ń kó ọ̀rọ̀ wá sílé.

Nítorí náà, mo mú ìmọ̀ràn mẹ́rin wá.

Èkíní, sí àwọn tó ń ṣètò ìdíje fún àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣe bí àwọn tó ń ta ayò. Ẹ sọ ẹ̀dà tí ẹ fẹ́ lò sínú lẹ́tà ìpè, ó kéré tán tẹ́ẹ̀mù kan ṣáájú. Ẹ fi àkójọ ọ̀rọ̀ lẹ́tà méjì, ojú ewé kan péré, sí orí tábìlì kọ̀ọ̀kan. Àwọn Collins fúnra wọn ní ibì kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì tí èèyàn lè tẹ ọ̀rọ̀ sí láti mọ̀ bóyá ó wà, ọ̀fẹ́ ni. Fóònù adájọ́ kan ti tó fún gbogbo gbọ̀ngàn. Kò pọn dandan kí ilé-ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan gbé ìwé tirẹ̀ wá.

Èkejì, sí ilé-ẹ̀kọ́ wa. Tí a bá máa ra ìwé, kó jẹ́ ti láíbìrì, kó ní òǹtẹ̀ ilé-ẹ̀kọ́, kó má ṣe jẹ́ owó tí a dá lórí ọmọ. Ẹ̀dà méjì bá jáde, a lè ra ẹyọ kan. Kò sí ìdí tí a fi gbọ́dọ̀ sá tẹ̀ lé gbogbo ẹ̀dà. Àwọn tó ti jáde níbí, tí wọ́n máa ń bi wá pé kí la nílò nígbà tí wọ́n bá wá kí wa, ẹ jẹ́ ká sọ fún wọn pé ìwé Scrabble kan ni. Ẹni tó fún wa ní ti 2011 ti ṣe tirẹ̀, Ọlọ́run á san án fún un.

Ẹ̀kẹta, sí ẹgbẹ́ wa fúnra wa. Ẹ jẹ́ ká máa kọ ìyàtọ̀ nìkan. Àwa ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ kì í mú fóònù wá, ìyẹn sì dáa, ṣùgbọ́n tíṣà wa lè bá wa yẹ ọ̀rọ̀ mẹ́wàá wò lọ́sẹ̀ kan lórí tiwọn. Ká máa kọ èyí tó wọlé sí ẹ̀gbẹ́ kan, ká kọ èyí tó jáde sí ẹ̀gbẹ́ kejì, lórí páálí, ká lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri. Ọ̀rọ̀ mẹ́wàá lọ́sẹ̀, kí tẹ́ẹ̀mù kan tó parí, a ti mọ ohun tó lé ní ọgọ́rùn-ún. Mélòó nínú ọ̀rọ̀ 2,800 lẹ rò pé ọmọ sẹ́kọ́ńdìrì máa lò nínú ìdíje? Àwọn kúkúrú ni. Àwọn yẹn la máa bẹ̀rẹ̀ sí kọ́.

Ẹ̀kẹrin ló ṣe pàtàkì jù lọ́kàn mi. Ẹ jẹ́ ká fagi lé ₦2,000 yẹn. Tíṣà wa, mo bẹ̀ yín sà, ẹ má bínú pé mo sọ ọ́ ní gbangba. Mo kọ́kọ́ fẹ́ wá bá yín ní ọ́fíìsì, ṣùgbọ́n àwọn márùn-ún tó ti lọ kì í wá sí ọ́fíìsì. Wọ́n máa ń dúró síwájú ògiri yìí. Kí wọ́n gbọ́ ọ níbi tí wọ́n wà ni mo ṣe kọ ọ́ síbí. Àwọn mẹ́sàn-án tó san owó lè jẹ́ kó wà nínú àpò ẹgbẹ́, a ó fi ra ìwé àti páálí, tàbí ká dá a padà. Èmi tí mo san, mi ò béèrè fún tèmi.

Ẹnì kan bi mí pé, tí a kò bá ní ìwé tuntun, tí wọ́n tún nà wá ńkọ́? Ó ṣeé ṣe. Wọ́n lè nà wá. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká fi ọ̀rọ̀ wé ọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ yẹn ní Ìwó, a pàdánù eré kan torí a kò mọ ọ̀rọ̀ méje. Ní ọ̀sẹ̀ méjì tó tẹ̀ lé e, a pàdánù ọmọ márùn-ún torí a fẹ́ ra ọ̀rọ̀ méje náà. Èwo ló dùn jù? Tí ìwé tuntun bá wà lórí tábìlì wa, tí ọmọ tó gbọ́n jù nínú wa kò sì sí lórí àga rẹ̀, ta ló máa lo ìwé ọ̀hún?

Páálí àkọ́kọ́ ti wà lábẹ́ ìwé ìròyìn yìí. Ọ̀rọ̀ méje yẹn ni mo fi gègé ńlá kọ síbẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ lè dà á kọ sẹ́yìn ìwé ìṣirò rẹ̀. Lọ́jọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn kíláàsì tó kẹ́yìn, a máa gbé bọ́ọ̀dù sábẹ́ igi bí a ṣe máa ń ṣe. Mo ti bá àwọn mẹ́jọ yòókù sọ̀rọ̀, a sì fẹnu kò: ẹnikẹ́ni kò ní béèrè owó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni lọ́jọ́ náà. Ẹ̀yin márùn-ún tẹ́ ẹ ti lọ, ẹ máa bọ̀. Ìwọ àbúrò mi ní JSS2, àga rẹ ṣì ṣófo, mi ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni jókòó síbẹ̀.

Ire o.